Ẹsẹ Karùn-ún Nínú Málákì Orí Kẹta

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Ìkórè ìjọ wa ní ọdún tó kọjá, èmi ni ó kàn láti ka ẹ̀kọ́ Bíbélì tí a máa ń kà kí a tó gba ọrẹ. Kò sí ẹni tí í béèrè ibi tí a ó kà, nítorí pé ibì kan náà ni a ti ń kà láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ náà: Málákì orí kẹta, ẹsẹ kẹwàá, níbi tí Olúwa ti ní kí a mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra, kí a sì fi èyí dán Òun wò bí Òun kò bá ní ṣí fèrèsé ọ̀run fún wa. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n Bíbélì ńlá tí ó wà lórí àga ìwàásù ni mo ṣí lọ́jọ́ náà, ojú mi sì kọ́kọ́ bọ́ sí òkè ojú ewé, sí ẹsẹ karùn-ún, kí n tó rí ẹsẹ kẹwàá. Níbẹ̀ ni Olúwa ti ń ka àwọn tí Òun yóò ṣe ẹlẹ́rìí yíyára sí: àwọn oṣó, àwọn panṣágà, àwọn tí ń búra èké, àti àwọn tí ń ni alágbàṣe lára nínú ọ̀yà rẹ̀, tí wọ́n ń ni opó àti aláìníbaba lára, tí wọ́n sì ń rẹ́ àlejò jẹ.

Àwọn ọmọ ìwòyí, bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀yà, ẹran ìgbẹ́ ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Owó iṣẹ́ ni Bíbélì ń wí.

Ẹsẹ kẹwàá ni mo kà, bí mo ti máa ń kà á. Ìjọ ṣe àmín, àwọn akọrin gbé orin, àwọn ènìyàn tò lọ síwájú pẹ̀lú àpò-ìwé ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ wọn, èmi náà sì padà sí ìjókòó mi pẹ̀lú ara tí kò lélẹ̀, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa, àti pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àná ọjọ́ náà gan-an, ni mo sọ fún obìnrin kan ní ẹnu géètì ọgbà ìjọ pé kí ó padà wá lẹ́yìn Ìkórè.

Obìnrin náà wà lára àwọn alágbàṣe mọ́kànlá tí wọ́n bá wa ru kọnkéré lọ sókè nígbà tí a ń da òkè ilé ìjọsìn tuntun tí a ń kọ́ ní ìhà Òkè-Baálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, 6,000 náírà sì ni owó ọjọ́ kan fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà 18,000 náírà ni a jẹ ẹ́, ọ̀sẹ̀ méje sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mìíràn ni ó ti ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ó gbé páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré há abíyá. Òṣùká rẹ̀, tí ó fi àkísà àǹkárá ká, ṣì wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Símẹ́ǹtì sì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ó fi dàbí ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ eérú. Yóò fi ọdún mẹ́wàá dáadáa jù mí lọ. Síbẹ̀ òun ni ó fi eékún kan ilẹ̀ fún mi.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣàánú mi lórí owó yẹn. Wọ́n ti lé ọmọ wálé láti ilé-ìwé.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Owó tó wà nílẹ̀, ti Ìkórè ni. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé Ìkórè.” Lẹ́yìn náà mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fún un ní 1,000 náírà. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní n kò ní ráhùn, èmi náà sì ṣe àmín, mo sì wọ ọkọ̀ mi pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tí ó ti ṣe oore. Ọ̀rọ̀ tí ó lò ni kò kúrò ní etí mi láti ìgbà tí mo ti ka ẹsẹ karùn-ún yẹn. Àánú ni ó pè é. Owó òógùn ojú rẹ̀ ni ó ń tọrọ bí alágbe, èmi sì ni mo jẹ́ kí ó tọrọ ọ́, tí mo sì mú ohun tí kò tó ìdá mẹ́wàá gbèsè rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọrẹ.

Bí ọ̀rọ̀ tálákà àti ọlọ́rọ̀ bá dé nínú ìjọ, àánú ṣíṣe ni a mọ̀ ọ́n sí. A máa ń pín ìrẹsì ní ọdún Kérésìmesì, a máa ń gba aṣọ àlòkù jọ, a ní ẹgbẹ́ tí ń bẹ àwọn opó wò. N kò fi ọwọ́ pa èyíkéyìí nínú wọn rẹ́, nítorí pé ebi kì í dúró de àtúntò ìlú. Ohun tí mo wá rí nígbà tí mo padà sídìí Bíbélì láti wá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa òṣì ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni ó ń sọ, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ gbèsè àti ohun tí a fi dógò, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ní ẹnu ibodè. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àánú ni tálákà lè gbà tàbí kí ó má rí gbà, ọwọ́ ẹni tí ń fúnni ló wà; ẹ̀tọ́ ni tirẹ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi náà mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tí kì í ṣe ará ibí máa ń yà lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ pé Alhájì ni ẹ̀gbọ́n, Bàbá Ìjọ sì ni àbúrò, ṣùgbọ́n agbo ilé tí kò ní Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀ ní Òṣogbo kò wọ́pọ̀, a jọ ń jẹ ẹran Iléyá, a sì jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì ni. Mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní Ànábì ti sọ ọ́ pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn tó gbẹ lára rẹ̀, wọ́n sì béèrè bóyá àwa onígbàgbọ́ kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tiwa.

Mo ní, “A ní i, sà. Ó wà nínú Léfítíkù orí kọkàndínlógún, pé owó iṣẹ́ alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹni títí di òwúrọ̀.”

“Ó dára. Tiyín ti sùn tó ọjọ́ mélòó?”

“Ọ̀sẹ̀ méje, sà.”

Wọn kò tún sọ nǹkan kan. Wọ́n sún abọ́ àmàlà sọ́dọ̀ mi.

Ìwé Diutarónómì kò tilẹ̀ fi mọ sí pé owó náà kò gbọdọ̀ sùn. Ní orí kẹrìnlélógún ó sọ ìdí rẹ̀: tálákà ni alágbàṣe náà, owó yẹn ni ó gbé ọkàn lé, bí oòrùn bá sì wọ̀ láìsan án, ó lè ké pe Olúwa sí ọ, yóò sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ lọ́rùn. Nínú orí yìí kan náà ni òfin kan wà tí ó dàbí ẹni pé ìyá Yorùbá kan ni ó dá a sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìyá-ọlọ tàbí ọmọ-ọlọ dógò, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó gbà dógò yẹn. Ẹni tí ó bá ti gbé ní ilé tí wọ́n ti ń lọ ata mọ ohun tí òfin náà ń wí. Bí o bá gba ọmọ-ọlọ nìkan, ìyá-ọlọ di òkúta lásán. Kò sí ata, kò sí ẹ̀gbo, kò sí oúnjẹ alẹ́. Ẹ lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà lónìí, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ohun tí wọ́n ń pè ní owó gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn owó èlé tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn mẹ́ńbà ẹgbẹ́ sì ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Lọ́jọ́ tí owó bá wọ́n, ohun tí wọ́n ń kó lọ kì í ṣe wúrà, nítorí pé kò sí wúrà ńlẹ̀: ẹ̀rọ ìlọta ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni, fírísà tí ìyá kan fi ń ta omi tútù ni. Ìyá-ọlọ àti ọmọ-ọlọ ni wọ́n kó yẹn. Nínú ìwé Nehemáyà orí karùn-ún, àwọn Júù figbe ta pé àwọn ti fi oko àti ọgbà àjàrà dógò nítorí ìyàn, àwọn sì ti ń fi ọmọ sí oko ẹrú. Àwọn baba wa tí wọ́n mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ orí yẹn fún wọn. Ohun tí Nehemáyà ṣe ni kí n tọ́ka sí. Kò pín ìrẹsì. Ó pe ìpàdé ńlá, ó bá àwọn ìjòyè wí lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí wọ́n dá oko, ọgbà àjàrà àti ilé padà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú èlé tí wọ́n ti gbà.

Ìyá mi ta èlùbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ọjà Ọba. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá lọ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn a ní kí n ki ọwọ́ bọ inú kóńgò kí ẹni náà tó wọn ẹ̀wà sí i. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo ń wá: àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí kóńgò náà wọ inú, tí ó fi yọ sókè bí ìdodo, tí ẹ̀wà bíi ẹ̀kúnwọ́ méjì kò sì ní í wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu kóńgò yóò kún dẹ́dẹ́ tí yóò tún ṣe ṣóńṣó lójú ẹni tí ń rà. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ka Ámósì orí kẹjọ, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń kùn pé ìgbà wo ni Ọjọ́ Ìsinmi yóò kọjá kí àwọn lè tú àlìkámà sílẹ̀ fún títà, kí àwọn sọ efa tí wọ́n fi ń wọn ọkà di kékeré, kí àwọn sọ ṣékélì tí wọ́n fi ń wọn owó di ńlá, kí àwọn sì fi òṣùwọ̀n èké tan ni jẹ, ńṣe ni ìka mi tún fọwọ́ kan ìdí kóńgò yẹn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn náà ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́. Inú ìsìn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ń ro èyí. Ámósì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ wòlíì, darandaran ará Tékóà tí ó tún ń ṣe ìtọ́jú èso síkámórè ni, ó sì jọ pé ó ti dúró níwájú òṣùwọ̀n rí kí ó tó dúró níwájú pẹpẹ.

Nínú orí kejì ìwé rẹ̀ ni ó ti wí pé wọ́n ń ta olódodo fún fàdákà, wọ́n sì ń ta tálákà nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì. Mi ò lè ka ẹsẹ yìí ní Yorùbá kí n má rántí ẹni tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa tí ó jáde lódidi ní 1884. Ọmọkùnrin kan láti Òṣóògùn ni Samuel Ajayi Crowther nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, àti pé nígbà tí ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá òun náà padà. Ẹni tí wọ́n ti fi wé ẹṣin rí, tí ó wá mọ iye bàtà ẹsẹ̀ méjì.

Kí ẹ má rò pé mo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀bi lé orí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ àti àlùbáríkà tí ó gba àwọn ìjọ wa kan láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bú u kò bímọ sínú òṣì rí. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ níbi ìsọjí pé Ọlọ́run kò dá a láti tòṣì, ó gbé orí sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ, ó kúrò ní ẹni tí ń gba èlùbọ́ àwìn lọ́wọ́ alájàpá, ó rán àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwèé. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé irọ́ ni agbára yẹn. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti yí mọ́ mi lọ́wọ́ ni ibi tí ó ti sọ òṣì di ẹ̀mí àìmọ́. Bí òṣì bá ti di ẹ̀mí, tàbí ègún ìran, inú ilé òtòṣì ni a ó ti máa wá ìdí rẹ̀: ìran bàbá rẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò jẹ́wọ́ ni, ìdámẹ́wàá tí kò san ni. A ti ṣe ìṣọ́ òru rí ní ìjọ wa láti lé ẹ̀mí òṣì jáde, ó sì ṣeé ṣe kí irú obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wà láàárín wa, tí ń jó, tí ń làágùn, tí ń pariwo mọ́ ẹ̀mí òṣì, nígbà tí òṣì rẹ̀ ká jọ sínú àpótí owó ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ akápò.

Mo tún wá ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Málákì nìkan ni a ń kà ní ààbọ̀. Opó tí ó sọ owó ẹyọ wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ìṣúra, ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? Kò sí ìfilọ́lẹ̀ ilé tí wọn kì í pè é jáde. Nínú Máàkù orí kejìlá, ẹsẹ tí ó ṣáájú ìtàn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Jésù ti ń kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé tí wọ́n ń wọ agbádá gígùn, tí wọ́n fẹ́ràn ìkíni lọ́jà àti ipò ọlá nínú sínágọ́gù, tí wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n sì ń gbàdúrà gígùn fún àṣehàn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni opó kan wá kọjá. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ìtàn náà tó ogún ìgbà. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnìkan béèrè ohun tí ó sọ opó náà di ẹni tí ó ku kọ́bọ̀ méjì sí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “nígbà gbogbo ni ẹ̀yin ní tálákà pẹ̀lú yín”, tí a fi ń pa ẹnu ara wa mọ́. Diutarónómì orí kẹẹ̀ẹ́dógún ni Jésù ti mú un, ìyókù gbólóhùn náà níbẹ̀ sì ni pé nítorí ìdí èyí kí o la ọwọ́ rẹ fún arákùnrin rẹ. Orí tí ó fi àṣẹ lélẹ̀ pé kí a dárí gbèsè jì ní ọdún keje-keje ni.

Àwọn baba ìjọ àtijọ́ kò kà á ní ààbọ̀. Basil, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù Kesaréà ní Kapadókíà lẹ́yìn náà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, wàásù nígbà ìyàn ńlá kan ní nǹkan bí ọdún 369, ó sì sọ fún àwọn tí wọ́n ti aká wọn pa kí owó ọkà lè gòkè pé oúnjẹ tí ó wà lọ́wọ́ wọn, ti ẹni tí ebi ń pa ni, ẹ̀wù tí ó wà nínú àpótí wọn, ti ẹni tí ó wà ní ìhòòhò ni. John tí wọ́n ń pè ní Chrysostom, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kọnsitantinópù ní 398, wàásù léraléra lórí ọlọ́rọ̀ àti Lásárù tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ní bí a kò bá fi ohun ìní wa ran tálákà lọ́wọ́, olè ni a jà á. Àwọn aláṣẹ ìlú náà lé e lọ sí ìgbèkùn, ibẹ̀ ni ó kú sí ní 407. Ẹnu rẹ̀ sí ààfin àti sí àwọn olówó wà lára ohun tí ó ràn án lọ. John Wesley náà, tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ní kí onígbàgbọ́ wá owó bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, kí ó tọ́jú owó bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, kí ó sì fi tọrẹ bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni a gbá mú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni ó ti kọ̀ ọ́ pé kí a wá owó lọ́nà tí yóò pa aládùúgbò lára, yálà nípa ọtí líle títà tàbí nípa yíyá ènìyàn lówó lórí ohun tí ó fi dógò.

Èyí tí ó bá mi wí jù lọ nínú wọn ni lẹ́tà tí Póòpù Leo kẹtàlá kọ sí gbogbo ìjọ Kátólíìkì ní 1891, nígbà tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lọ àwọn òṣìṣẹ́ Yúróòpù bí ata. Ó ní ẹni tí ó bá du òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ń ké sí ọ̀run fún ẹ̀san. Ọ̀rọ̀ Jákọ́bù orí karùn-ún nìyẹn, níbi tí owó iṣẹ́ tí a kò san fún àwọn tí ó kórè oko ti ń ké rara, tí igbe náà sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun. Owó fúnra rẹ̀ ni ó ń ké o, níbi tí wọ́n tì í mọ́. Póòpù náà tún sọ pé bí òṣìṣẹ́ tilẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti ṣiṣẹ́ fún owó tí kò tó bọ́ ọ, àdéhùn náà kò wẹ agbanisíṣẹ́ mọ́, nítorí pé ẹ̀tọ́ kan wà tí ó dàgbà ju àdéhùn lọ. A ti lo àwáwí yìí ní ìgbìmọ̀ wa. “Ṣebí wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀,” ni a wí nígbà tí ọ̀gá bíríkìlà sọ pé àwọn alágbàṣe ń gbà ju 6,000 lọ ní àwọn ibòmíràn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò rọrùn. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní ọ̀rọ̀ tálákà yìí kì í tán, àti pé Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Wọ́n sì fi ti àwọn baba wa kún un, pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, ṣùgbọ́n àwọn tiwa ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti lo oògùn náà dé ìsàlẹ̀ ìgò, àwa tí a jẹ́ onísègùn ni a gbé ìwòsàn pamọ́. Ilé dákẹ́. Akápò wa, tí í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba, ni ó wá rántí wa ní àwọn ọdún tí a kì í fẹ́ rántí, láti 2015 títí di 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gba ìdajì owó oṣù, tí àwọn tí ó fẹ̀yìn tì náà ń gba àbọ̀. Mẹ́fà nínú àwa mẹ́sàn-án tí a jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó jẹ nínú ìyà yẹn. A gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. A ka ẹsẹ Jákọ́bù yẹn sókè nínú àdúrà, a sì fi ìka tọ́ka rẹ̀ síta, síbi tí àwọn ẹlòmíràn jókòó sí.

A mú owó náà jáde láti inú ti Ìkórè. 198,000 náírà ni gbèsè náà fún àwọn mọ́kànlá. Àgọ́ àti àwọn onílù tí a ti háyà nìkan jù ú lọ. Ẹnìkan dárúkọ Sákéù tí ó san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo wa sì wo ilẹ̀. Níkẹyìn a fi 2,000 náírà kún ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀sẹ̀ méje tí owó náà fi sùn àti nítorí pé kóńgò ìrẹsì kò dúró de wa. Kò sún mọ́ ti Sákéù rárá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Níbi tí a ti ń wá wọn láti san án ni mo ti rí ohun tí ó tún bà mí nínú jẹ́. Nínú ìwé ìgbàsílẹ̀ tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ mi kọ, orúkọ gbogbo ẹni tí ó fi símẹ́ǹtì ta ilé náà lọ́rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyè wọn, Olóyè, Dókítà, Ìyá Ìjọ, nítorí pé a ó fín wọn sára òkúta mábù ní ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo kọ fún àwọn tí ó ru kọnkéré náà ni “lébìrà 11”. Nínú ìtàn tí Jésù sọ ní Lúùkù orí kẹrìndínlógún, ọlọ́rọ̀ tí ń wọ aṣọ elésè àlùkò ni kò ní orúkọ. Alágbe tí ajá ń lá egbò rẹ̀ ni a mọ̀ sí Lásárù. Tiwa yí padà.

Ọ̀gá bíríkìlà bá wa pe mẹ́wàá nínú wọn jọ. Obìnrin náà dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ 1,000 náírà kúrò nínú rẹ̀, ó nà án sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. “Èyí tí ẹ yá mi lọ́jọ́sí, sà.” Mo sọ fún un pé n kò yá a. Ó tún fi eékún kan ilẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú èmi náà, mo sì ṣe àmín, lọ́tẹ̀ yìí láìwo ojú rẹ̀.

Ẹni kọkànlá ni a kò rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, kì í ṣe ará ìlú yìí, ó sì ti kúrò ní yàrá tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń sùn kí a tó wá a débẹ̀. Àwọn yòókù kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́; orí àkàsọ̀ ni ó máa ń dúró sí láti gba páànù, wọ́n sì kàn ń pè é ní Ará-Òkè. Ohun tí mo kọ sí ara àpò-ìwé náà nìyẹn. 20,000 náírà ni ó wà nínú rẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ mi ni ó wà, lábẹ́ ìwé ìgbàsílẹ̀, àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, mo máa ń yà gba oríta tí àwọn alágbàṣe ń dúró sí, mo máa ń dẹ ọkọ̀, mo sì máa ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò sì sáré yí ọkọ̀ ká, nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ ni mo mú wá.